Ọtí Tó Tòrò àti Ọtí Tó Rú

Ọ̀rọ̀ ọtí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìtàn Yorùbá. Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé nígbà tí Olódùmarè rán Ọbàtálá láti wá dá ilẹ̀ ayé, ẹmu ni ó mu yó lójú ọ̀nà, tí oorun fi gbé e lọ, tí Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní, àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í fẹnu kan ẹmu. Ẹ̀yà tí ó fi ọtí sí ẹnu ọ̀nà ìtàn ìṣẹ̀dá kò lè sọ pé ohun tí òun ń mu kò kan ìtàn òun. Síbẹ̀, bí a bá ń kọ ìtàn ilẹ̀ wa, ọba, ogun àti òwò ni a máa ń kọ; a kì í sábà kọ ohun tó wà nínú ahá. Èmi náà kò kà á sí títí di ọdún 2019, nígbà tí mo pàdé ife ọtí kan ní ìlú London tí ó dá mi padà sí àgbàlá ìyá àgbà mi ní Ìgándò. Ìtàn ife yẹn àti ìtàn àgbàlá yẹn ni mo fẹ́ so pọ̀ níhìn-ín, nítorí mo ti wá rí i pé ìtàn kan náà ni wọ́n, àti pé èmi fúnra mi jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ìgándò tí mo ń wí kì í ṣe Ìgándò tí àwọn ọmọ ìwòyí mọ̀, èyí tí ọkọ̀ ń há mọ́ra wọn ní ojú ọ̀nà LASU láti òwúrọ̀ títí di òru. Nígbà tí a wà ní kékeré, ní nǹkan bí ọdún 1955, abúlé àwọn Àwórí ni. Oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo ló yí wa ká, ọ̀pẹ sì pọ̀ láàrin wọn. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ sí ọjà Ìkọ̀tún. Ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́, gbajúmọ̀ ni. Ìdímù, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìpájà, àti Àlímòṣọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà, abúlé ni gbogbo wọn, oníkálukú pẹ̀lú olórí rẹ̀ àti oko rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye tí wọ́n kà ní Àlímòṣọ́ nìkan ju mílíọ̀nù kan lọ, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní iye náà kéré sí òtítọ́. Mo sọ èyí kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ ròyìn kì í ṣe ohun ayé àtijọ́ tí baba ńlá ẹnìkan bá pàdé. Ojú mi yìí ló ṣe é, lórí ilẹ̀ tí ilé alájà mẹ́ta dúró lé nísinsìnyí.

Ọtí méjì ni a mọ̀ dáadáa ní àgbègbè wa. Èkíní ni ẹmu, tí adẹ́mu ń fi igbà gun ọ̀pẹ lọ dá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Funfun bíi wàrà ni, ó máa ń hó nínú agbè, ó sì ní àkókò: ti òwúrọ̀ a máa dùn bí oyin, ti ìrọ̀lẹ́ a le, ti ọjọ́ kejì a kan. Kò sí ẹni tí ń bá ẹmu jà pé kò tòrò, nítorí bí ó ti ti ara igi wá nìyẹn. Èkejì ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, èyí sì ni iṣẹ́ àwọn obìnrin. Ní ìlú àwọn ará òkè, ọkà bàbà ni wọ́n ń lò, ọtí bàbà ni wọ́n sì ń pe tiwọn. Ní òkè Ọya wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní bùrùkùtù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pọn gbogbo wọn kò jìnnà síra.

Báyìí ni ìyá àgbà mi ṣe ń pọn tirẹ̀. Yóò rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì. Yóò tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ ní ibi òjìji, yóò da àgbàdo náà lé e lórí, yóò tún fi ewé bò ó, àwa ọmọdé a sì máa wọ́n omi sí i ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Nígbà tí ó bá tó bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, gbogbo rẹ̀ yóò ti hu ẹnu funfun. Ní gbàrà tí ó bá ti hù dé ìwọ̀n tí ó fẹ́, yóò sá a sóòrùn kí ó má baà hù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá gbẹ, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a ó pò ó mọ́ omi, a ó gbé e kaná. Yóò wà lórí iná láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo agboolé kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò sẹ́ ẹ, tí yóò jẹ́ kí ó tutù, tí yóò sì dà á sínú ìkòkò ńlá kan tó wà ní igun ilé ìdáná.

Ìkòkò yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ mi. A kì í fọ̀ ọ́. Bí ọtí bá tán nínú rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ó fi sílẹ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ ni a ó sì da ọtí tuntun lé. Ọmọ tí ó bá fi kànrìnkàn kan inú ìkòkò náà yóò jẹ ẹgba. Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé, kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwúkàrà nínú ilé ẹ̀kọ́ rí, ṣùgbọ́n ó ní gbólóhùn kan tí ó máa ń sọ nígbà tí a bá béèrè ìdí rẹ̀: ọtí àná ni ó ń kọ́ ti òní ní iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà yóò ti máa hó fúnra rẹ̀, láìsí iná. Bí a bá bù ú sínú ahá, àwọ̀ rẹ̀ a pupa rúsúrúsú, ó nípọn, ìfófò a wà lórí rẹ̀, a dùn, a sì kan díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè rí ìdí ahá nínú rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó ń wá ìdí ahá.

Nígbà tí à ń mu èyí ní Ìgándò, ohun mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1946 ni wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ Nigerian Brewery sílẹ̀ lábẹ́ òfin, pẹ̀lú owó àti ìmọ̀ UAC àti Heineken ti ilẹ̀ Netherlands. Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé ìpọntí wọn ní Ìgánmú. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ òkun ló ń gbé bíà wá, àwọn òyìnbó àti ọlọ́rọ̀ ló sì ń mu ún. Ní ọdún 1962, Guinness kọ́ ilé ìpọntí tirẹ̀ sí Ìkẹjà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ sí òde Ireland àti Gẹ̀ẹ́sì. Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Kò pẹ́ tí ìgò fi bẹ̀rẹ̀ sí dé Ìgándò, nínú àpótí onígi, pẹ̀lú yìnyín tí wọ́n fi àpò àti ìyẹ̀fun pákó wé kí ó má baà yọ́.

Pẹ̀lú ìgò ni gíláàsì dé. Èyí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Nínú ahá, ẹnu àti imú ni ó ń ṣe ìdájọ́ ọtí. Nínú gíláàsì, ojú ni ó kọ́kọ́ mu ún. Bíà inú ìgò mọ́ gaara, ó ń dán bí wúrà, ènìyàn lè rí ìka ara rẹ̀ ní òdìkejì ife. Láìpẹ́, ohun tó tòrò di ohun ọ̀làjú, ohun tó rú sì di ohun ará oko. Kò sí ẹni tí ó kéde rẹ̀. Gbogbo wa kàn mọ̀ ọ́n ni.

Ní ọdún 1968, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ gbé ìyàwó. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó, mo sì ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n wá bá wa ṣe ayẹyẹ. Nígbà tí mo dé ilé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo bá ìyá àgbà mi lórí iná. Ó ti pọn ọtí tí yóò tó gbogbo àlejò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èyí jáde. Àlejò láti Èkó ń bọ̀. Ọtí yín rú."

Ó wò mí títí, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ojú ni ẹ fi ń mu ọtí ní Èkó ni?"

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ni ó ṣẹ. Àpótí bíà ni a gbé síwájú àlejò. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá àgbà mi, àwọn onílù ni wọ́n gbé e fún, ní ẹ̀yìnkùlé. Ó tún pọn ọtí bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn náà, kò sì pọn ọ́n mọ́. Ní ọdún 1974 ni ó dágbére fáyé. Nínú gbogbo àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé ó jẹ́ ohun tí à ń kọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé òyìnbó ni ó fi òfin pa ọtí ìbílẹ̀ wa. Èyí jẹ́ òtítọ́ dé àyè kan. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, owó orí ọtí líle láti òkèèrè jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ìjọba amúnisìn ń rí ní Gúúsù Nàìjíríà. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ti ìjọ Áńgílíkà ta ko òwò náà títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909. Lẹ́yìn àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti ọdún 1919, wọ́n dín ọtí líle tí ń wọlé kù. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa sì bẹ̀rẹ̀ sí se ògógóró fúnra wọn ní àwọn ọdún 1930, ìjọba pè é ní ọtí àìbófinmu, ọlọ́pàá sì ń kó àwọn tí ń sè é. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tí ó wá fọ́ ìkòkò ìyá àgbà mi. Ìtìjú ni ó lé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kúrò nínú ilé wa, ẹnu ọmọ ilé ni ìtìjú náà sì gbà wọlé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé ọtí tó tòrò ni ọtí tó mọ́, àti pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń mu ún láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí mo wá ka ìtàn wọn, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, inú ife igi, ife amọ̀ àti ife tánganran ni àwọn ará Yúróòpù ti ń mu bíà. Kò sí ẹni tí ó rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, kò sì sí ẹni tí ó bìkítà bí ó bá rú. Ní ọdún 1842, ní ìlú Pilsen ní ilẹ̀ Bohemia, ọmọ Bavaria kan tí ń jẹ́ Josef Groll pọn bíà kan tí ó pọ́n bí wúrà, tí ó sì mọ́. Ilẹ̀ Bohemia náà ni ilẹ̀ àwọn oníṣẹ́ gíláàsì. Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ní àkókò yẹn gan-an, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ohun tí ó ń rí. Ní 1878, Lorenz Enzinger ní ilẹ̀ Jámánì ṣe ẹ̀rọ tí ń sẹ́ bíà títí yóò fi mọ́ kedere. Ìyẹn ni pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà dé sí ìgbà tí Star jáde ní Ìgánmú, ọdún 71 péré ni. Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn ọtí ìyá àgbà mi, tí mo sì sọ pé kò kún, kò dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ púpọ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí ó ti là wá lójú nígbà náà. Ní ọdún 1988, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkà bálì híhù wọlé láti òkèèrè, nítorí owó òkèèrè ti di ọ̀wọ́n. Ọkà yìí ni wọ́n ti fi ń pọn bíà láti ọdún 39 sẹ́yìn. Àwọn ilé ìpọntí ké, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, wọ́n wá ohun tí wọn yóò lò nílé, ohun tí wọ́n sì rí ni ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n gba àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, wọ́n sì yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá ni ìjọba tó tú òfin náà ká, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà wa mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwa tí a sá fún ọtí bàbà nítorí pé ó rú, òun náà ni a tún ń rà nínú ìgò, nítorí pé wọ́n ti sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ọn lára.

Nísinsìnyí ni mo lè sọ ti London. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, mo lọ kí àwọn ẹbí mi níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Peckham, àdúgbò tí Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra iṣu, ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti pọ̀nmọ́ láì sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní Sátidé kan, ó mú mi lọ sí Bermondsey tó wà nítòsí. Ojú irin gba orí afárá gígùn kan kọjá níbẹ̀. Abẹ́ afárá náà ṣófo bí yàrá ńláńlá tí wọ́n fi bíríkì kọ́. Láti ọdún 2009, nígbà tí Kernel Brewery bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò náà, àwọn ilé ìpọntí kéékèèké ti ń kún abẹ́ afárá yẹn. Ní ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yí ẹnu ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ó fa ọtí láti inú àgbá sínú gíláàsì, ó gbé e síwájú mi.

Mo gbé ife náà sókè sí iná. Ó rú. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí omi ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún; n kò rí ìka ara mi ní òdìkejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ojú mi, ó yára sọ pé, "Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kọ yín lóminú. Kò bàjẹ́ rárá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rú ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." N kò lè dá a lóhùn. Èmi ni mo yẹ kí n ti sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn àlejò láti Èkó ní 1968.

Òórùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé: máńgòrò tó pọ́n, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti èèpo ọsàn. Mo béèrè bóyá èso ni wọ́n fi sí i. Wọ́n ní òdòdó họ́ọ̀pù nìkan ni, èyí tí wọ́n dà sínú ọtí náà lẹ́yìn tí ó ti tutù, kí òórùn rẹ̀ má baà bá ooru lọ. Nígbà tí mo fi kan ẹnu, ó rọ̀, ó sì nípọn bí ògì tí a là fún aláìsàn. Wọ́n ṣàlàyé pé ọkà óótì àti àlìkámà tí wọ́n fi kún ọkà bálì ni ó fa èyí, òun náà sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó tòrò. Ó dùn ní iwájú ahọ́n. Lẹ́yìn náà ni kíkorò kan dé sí ẹ̀yìn ọ̀fun, bíi ti orógbó, tí ó pẹ́ kí ó tó lọ. Kò kan bíi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Agbára rẹ̀ tó ìdá 8 nínú 100, nígbà tí ti Star wà ní nǹkan bíi 5, ṣùgbọ́n dídùn rẹ̀ bo agbára náà mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo tó mọ̀ ohun tí mo mu.

Orúkọ irú ọtí yìí gùn, ìtàn sì wà nínú rẹ̀. India pale ale onílọ̀ọ́po méjì ni, èyí tó rú. Ti India nínú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìjọba amúnisìn wá. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, apọntí kan tí ń jẹ́ George Hodgson ní Bow, ní ìlà oòrùn London, ń ta ọtí rẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ òkun tí ń lọ sí India, níbi tí àwọn ọmọ ogun àti akọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń retí rẹ̀. Họ́ọ̀pù pọ̀ nínú ọtí náà, nítorí pé kì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́. Wọ́n máa ń pa á nítàn pé nítorí ìrìn àjò yẹn gan-an ni wọ́n ṣe dá a, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìtàn ọtí ti fi hàn pé ọtí dúdú pẹ̀lú lọ sí India láì bàjẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni orúkọ náà fara hàn nínú ìwé ìròyìn kan ní Sydney ní Australia. Ní 1994, Vinnie Cilurzo ní California sọ họ́ọ̀pù àti agbára rẹ̀ di ìlọ́po. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìlọ́po méjì.

Rírú rẹ̀ ni ó dé kẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, John Kimmich àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní The Alchemist ní Waterbury, ìlú kékeré kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà. Ọtí wọn, Heady Topper, kì í tòrò. Kimmich kọ̀ láti sẹ́ ẹ, nítorí pé bí ó bá sẹ́ ẹ, òórùn àti adùn rẹ̀ yóò bá a lọ. Àwọn kan kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó di 2011, inú agolo ni wọ́n ń ta á sí, wọ́n sì kọ ọ́ sára agolo náà pé kí ènìyàn mu ún láti inú rẹ̀, kí ó má dà á sínú gíláàsì. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn apọntí Amẹ́ríkà kọ bíà tó rú sínú ìwé òfin ìdíje wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tó dá dúró. Ní ogójì ọdún kí ó tó di ìgbà náà, ojú ni ìbá ti dá a lẹ́bi.

Ohun tí ó mú mi ní ọkàn jù nínú ìtàn yìí ni ti ìwúkàrà. Kimmich ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Greg Noonan, tí ó ṣí ilé ọtí sí ìlú Burlington ní Vermont ní 1988. Láti ilé ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti gba ìwúkàrà tí ó ń fi pọn ọtí tirẹ̀. Ohun alààyè ni ìwúkàrà. Ó ń jẹ, ó ń bí sí i, ó sì ní ìwà tirẹ̀ tí ó ń fi sínú ọtí. Noonan kú ní 2009, ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́jú kò bá a kú. Ọwọ́ ọ̀gá ló ti bọ́ sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọtí àná ń kọ́ ti òní ní iṣẹ́.

N kò fẹ́ kí òǹkàwé rò pé mo ń sọ pé àwa ni a kọ́kọ́ ṣe é. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Àwọn ará Jámánì àti Belgium ní bíà àlìkámà tó rú tipẹ́tipẹ́. Ọtí tí mo mu ní Bermondsey kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ìṣirò ló pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì lè pọn ìkan náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó má yàtọ̀. Ti ìyá àgbà mi a máa yàtọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó kan ju bó ti yẹ lọ, tí a fi fún ẹlẹ́dẹ̀. Ilé ìpọntí ńlá pẹ̀lú ti fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní oúnjẹ, Star tó tutù ní ọ̀sán gangan kì í sì í ṣe ohun tí mo kórìíra. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àṣìṣe wa ni pé nígbà tí ọ̀nà kejì là, a gbin igi dí ti àkọ́kọ́.

Ní ọdún 1983, a wó ilé alámọ̀ wa ní Ìgándò láti kọ́ ti búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà béèrè ohun tí yóò máa fi tọ́jú omi tí yóò fi po símẹ́ǹtì. Ìkòkò ìyá àgbà wà ní igun tí ó wà láti ọdún wọ̀nyí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀ bí awọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ ọ́, nítorí ó dọ̀tí. Kí ilé náà tó parí, ìkòkò ti fọ́. Bóyá ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ ti kú ṣáájú, bóyá kò tíì kú. N kò fún un láyè láti fi hàn wá.

Nígbà tí mo ti London dé, mo pinnu láti pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo ra àgbàdo ní ọjà Ìkọ̀tún, mo rẹ ẹ́, mo jẹ́ kí ó hù, mo sá a, mo sè é. Ọwọ́ mi rántí ju bí mo ti rò lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò tuntun tí mo dà á sí, kò hó. Ní ọjọ́ kẹta ó kan bí omi ẹ̀kọ àpajẹ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Nígbẹ̀yìn, wọ́n júwe ìyá arúgbó kan fún mi ní abúlé kan lọ́nà Ìpájà, tí ó ti pọntí nígbà èwe rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi ròyìn gbogbo ohun tí mo ṣe. Ó ní kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ta ni o fi bẹ̀rẹ̀?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Ìkòkò ìyá àgbà rẹ ńkọ́?" Mo ní a ti fọ̀ ọ́. Ó mi orí, ó ní, "Ta ló fọ̀ ọ́?"

N kò dá a lóhùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dáhùn níhìn-ín.

Ìrètí kò tán. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wa ti fi orógbó àti ewúro dán an wò láti rọ́pò họ́ọ̀pù. Ní ọdún 2017 ni ilé ìpọntí kékeré kan bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, lẹ́yìn náà ó dé Victoria Island ní Èkó. Bature Brewery ni wọ́n ń pè é, Haúsá sì ni orúkọ náà, tí ó túmọ̀ sí òyìnbó. Inú mi dùn sí wọn, ṣùgbọ́n orúkọ náà tún pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ọtí tó rú yóò bá padà dé Àlímòṣọ́, ṣé orúkọ òyìnbó náà ni yóò tún jẹ́ kí ó tó níyì lójú wa?

Ohun tí a ní là ń náání. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ìyá arúgbó kan bá kù ní agboolé yín tí ó mọ ọtí í pọn, tàbí tí ó mọ irú í ṣe, tàbí aṣọ í rẹ láró, ẹ lọ jókòó tì í kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bi í ní ohun tí ó ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì ní ìkòkò kan ní igun ilé tí ìdí rẹ̀ dúdú, tí ó rí bí ohun ìdọ̀tí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ̀ ọ́.